Ẹ Má Fún Mọ́yọ̀ọ̀lá ní Ṣúgà

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà, kó máa jẹ ẹ́ lọ. Etí rẹ̀ ni mo fẹ́ yá, n kò yá ẹnu. Ìtàn tí mo gbé wá fún yín kò ní ọba nínú, kò sì ní iwin. Sábọ́n Gàrí ní ìlú Kánò ló ti ṣẹlẹ̀, láàrin ọjọ́ kan ṣoṣo, láti ìgbà tí oòrùn yọ títí di ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Ọmọbìnrin ọdún mọ́kànlá kan wà nínú rẹ̀, ìyá rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ṣúgà sì wà nínú rẹ̀. Bí mo bá sọ ọ́ tán tí inú kò bí yín díẹ̀, tí ẹ kò sì rẹ́rìn-ín díẹ̀, a jẹ́ pé èmi ni n kò mọ̀ ọ́n sọ.

Ilé tí wọ́n ń gbé wà lẹ́yìn Yorùbá Road. Yàrá mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀, méje dojú kọ méje, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ló là wọ́n láàrin. Bí ẹnì kan bá sín ní yàrá àkọ́kọ́, láti yàrá ìkẹyìn ni wọn yóò ti kí i pẹ̀lẹ́. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, kò sí àìsàn tó jẹ́ ti ẹnì kan.

Oṣù Kejìlá ni, ọyẹ́ ti wọ̀lú, eruku ti bo ojú ọ̀run, gbogbo ènìyàn sì ti gbé ẹ̀wù òtútù jáde. Mọ́yọ̀ọ̀lá ti jí kí ìyá rẹ̀ tó pè é. Ó ṣí ìkòkò amọ̀ tó wà lábẹ́ fèrèsé. Ìkòkò kékeré ló wà nínú ìkòkò ńlá, yanrìn tútù ló wà láàrin àwọn méjèèjì, inú ìkòkò kékeré náà sì ni oògùn abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń gbé, torí iná mànàmáná àdúgbò yẹn kì í dúró fún wákàtí méjì. Fíríìjì wọn ti di ibi tí wọ́n ń kó aṣọ tí wọn kò tíì lọ̀ sí. Ọmọ náà wọ́n omi sí yanrìn, ó mú oògùn, ó fi abẹ́rẹ́ gún ìka, ó kán ẹ̀jẹ̀ sórí ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ṣúgà inú ara.

“Mélòó ló pè?” ìyá rẹ̀ kígbe láti ìdí iná.

“E dey okay, Mọ́mì!”

Ó gbá awọ ikùn rẹ̀ mú, ó sì gún ara rẹ̀. Nígbà tí àìsàn yìí kọ́kọ́ dé, ẹni mẹ́ta ló ń di ọmọ yìí mú: bàbá á di ẹsẹ̀, ìyá á máa sunkún, nọ́ọ̀sì á máa bínú sí àwọn méjèèjì. Ní báyìí, orin ló ń kọ bí abẹ́rẹ́ ti ń wọlé, ẹ ó rò pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń gún.

Àtọ̀gbẹ ni àìsàn náà. Mo mọ ohun tó wà lẹ́nu yín. Àtọ̀gbẹ kẹ̀? Ti àgbà nìyẹn! Ohun tí gbogbo Sábọ́n Gàrí sọ nìyẹn. Wọ́n ní irọ́ ni dókítà ń pa. Wọ́n ní ìyá ọmọ ló fi ṣúgà wẹ̀ ẹ́ nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Obìnrin kan tiẹ̀ sọ lẹ́nu ẹ̀rọ omi pé bí òun bá ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀, òun á gbé e lọ sí abúlé. Bí wọ́n ṣe ń bá ọmọ tó ń ṣàìsàn wí nìyẹn, bí ẹni pé òun ló lọ rà á lọ́jà.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa abẹ́rẹ́ yìí kí n tó máa lọ: kò ní sùúrù. Bó bá ti wọ inú ara, oúnjẹ ló ń wá. Bí kò bá rí oúnjẹ, ìwọ̀nba ṣúgà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà ni yóò gbé jẹ tán.

Oúnjẹ sì wà nílẹ̀. Bọ́sẹ̀dé, ìyá rẹ̀, ti bu ẹ̀wà àti iṣu ègé kan sínú àwo, ó ti fi kọ́ọ̀bù kékeré wọ̀n ọ́n bí ó ti máa ń ṣe. Mọ́yọ̀ọ̀lá jókòó tì í. Kẹ́misọ́lá, àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́jọ, ti ń jẹ tirẹ̀. Síbí kejì ni Mọ́yọ̀ọ̀lá gbé dẹ́nu nígbà tí Bọ́sẹ̀dé nu ọwọ́ sí ìró, tó sì kọjú sí ọkọ rẹ̀.

“Dádì Mọ́yọ̀, mo ti tún un rò. Ọmọ yìí kò lọ mọ́.”

Múyìwá ń di okùn bàtà rẹ̀. Ilé iṣẹ́ òróró kan ní Bompai ló ti ń ṣiṣẹ́, bọ́ọ̀sì tó ń kó wọn kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni.

“Tún un rò báwo? Ṣebí àná lo gbà? O gbà lójú Bushrat, o tún gbà lójú ọmọ.”

Bushrat ni aránṣọ tó fẹ́ kọ́ Mọ́yọ̀ọ̀lá níṣẹ́ ní ìsinmi Kérésìmesì yìí.

“Àná yàtọ̀.”

“Kí ló fi yàtọ̀? Òpópónà méjì péré ni! Ìwọ ṣáà ké níbí, Bushrat á gbọ́.”

“Ta ló máa gbọ́ bí ọmọ bá ké? Ìwọ tó wà ní Bompai?”

“Bọ́sẹ̀dé, ọdún mẹ́ta rèé. Ọdún mẹ́ta lo fi gbé ìkòkò ìrẹsì rẹ dúró sẹ́nu géètì ilé ìwé wọn kí ojú rẹ má baà kúrò lára rẹ̀. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yìn fèrèsé kíláàsì àwọn ọmọdé lo máa ń dúró sí. Ọjọ́ tí wọ́n sá eré ìje, ìwọ nìkan ni ìyá tó ń bá àwọn ọmọ sá a!”

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lọ́dẹ̀dẹ̀.

“Ẹ máa rẹ́rìn-ín o, Ìyá Ọlọ́runṣògo,” Bọ́sẹ̀dé sọ láìyíjú. “Mo ti gbọ́ yín.”

“Ẹ̀rín kọ́, Màmá Mọ́yọ̀. Ikọ́ ni. Ẹ mọ̀ pé ọyẹ́ dé.”

“Bí mo bá sáré, ta ló bí i? Ṣé ìwọ lo jókòó tì í ní ọ̀sán ọjọ́ tí ojú rẹ̀ yí padà? Ìwọ lo...”

“Mo wà níbẹ̀, Bọ́sẹ̀dé. Mo wà níbẹ̀, ọmọ mi ni.”

“Ó dáa, jẹ́ kó wà níbi tí mo ti lè rí i!”

“Títí di ìgbà wo? Kí o tẹ̀ lé e dé ilé ọkọ?”

Ọmọ náà kò gbé síbí mọ́. Ta ló lè gbé ẹ̀wà mì nígbà tí òun gan-an ni wọ́n ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́? Ó ń wo ẹnu bàbá, ó ń wo ẹnu ìyá. Ìjà náà kúrò lórí Bushrat, ó dé orí ìyá Múyìwá, ó yà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n Bọ́sẹ̀dé tó wà ní Tarauni, ó tún padà. Níta, fèrè bọ́ọ̀sì dún. Múyìwá dìde.

“Mọ́yọ̀, gbé báàgì rẹ. Máa lọ.”

Bọ́sẹ̀dé na ọwọ́ méjèèjì sókè. “Ẹ máa lọ! Gbogbo yín, ẹ máa lọ! Èmi ni mo ya wèrè nínú ilé yìí!”

Mọ́yọ̀ọ̀lá kò dúró kí ìyá rẹ̀ tún un rò lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó fa Kẹ́misọ́lá lọ́wọ́, ó di ìta. Múyìwá sáré tẹ̀ lé bọ́ọ̀sì rẹ̀. Bọ́sẹ̀dé fi ìbínú jókòó sórí àpótí, ó kọ ẹ̀yìn sí tábìlì. Àwo ẹ̀wà wà lórí tábìlì náà, síbí wà nínú rẹ̀. Nínú gbogbo ènìyàn tó wà nínú ilé náà, kò sí ẹnì kan tó wò ó.

Nígbà tí àwọn ọmọ dé ọ̀dọ̀ Bushrat, ìlẹ̀kùn wà ní títì. Obìnrin tó ń lọ ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ní Bushrat ti lọ ra òwú lọ́jà, kí wọ́n jókòó dè é. Wọ́n jókòó. Ká ní Bọ́sẹ̀dé wà níbẹ̀, ì bá ti bèèrè pé, ṣé o jẹun yó? Àmọ́ ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́ta nìyí tí Mọ́yọ̀ọ̀lá jókòó níta láìsí òjìji ìyá rẹ̀, ó sì ń gbádùn rẹ̀. Ó ń ka àwọn adáídáítà, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń kọjá, òun àti àbúrò rẹ̀ ń jiyàn lórí èyí tó lẹ́wà jù.

Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí kan, ó dákẹ́.

“Kẹ́mi, my body dey shake.”

Ó mọ ohun tó ń ṣe òun. Ó ti ṣe é rí nílé, kì í sì í ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, torí nọ́ọ̀sì ti sọ pé kí ọmọ náà máa gbé gúlúkóòsì rìn níbikíbi tó bá ń lọ. Gúlúkóòsì náà kò sì jìnnà sí i rí. Etí ìró Bọ́sẹ̀dé ni wọ́n so ó mọ́. Níwọ̀n ìgbà tí ìyá kò kúrò lẹ́yìn ọmọ, kí ni ọmọ fẹ́ fi ṣe? Àárọ̀ yìí, ìyá wà nílé, gúlúkóòsì wà létí ìró.

Mọ́yọ̀ọ̀lá di ọwọ́ Kẹ́misọ́lá mú, wọ́n sọdá lọ sí ṣọ́ọ̀bù Bàbá Adéríbigbé tó wà lódìkejì. Bàbá náà ń ta ọṣẹ, mílíìkì, bísíkíìtì àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ìjọ kan náà ni wọ́n ń lọ.

“Bàbá, ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ṣúgà.”

Adéríbigbé gbé gíláàsì ojú rẹ̀ sókè. “Ta nìyí? Mọ́yọ̀?” Ó yọjú wo ẹ̀yìn rẹ̀, kò rí Bọ́sẹ̀dé, ó bú sẹ́rìn-ín. “Háà! Màmá ẹ ò tẹ̀ lé ẹ lónìí, o wá rántí ṣúgà!”

“Bàbá, don Allah. Mi ò well. Ṣúgà ni mo nílò.”

“Ṣúgà lo nílò. Èmi náà nílò ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́.”

“She need am now-now!” Kẹ́misọ́lá kígbe.

“Ìwọ yìí, pa ẹnu rẹ dé. Wọ́n ní kí o máa ṣọ́ ọ, o wá ń bá a tọrọ.”

Ìyá kan tí wọ́n ń pè ní Adéwùmí ń yan ọṣẹ lọ́wọ́ níbẹ̀. Ó mi orí. “Ẹ má dán an wò o, Bàbá. Nítorí kéèkì ọjọ́ ìbí ọmọ mi, ìyá ọmọ yìí wá kúnlẹ̀ sí pálọ̀ mi.”

Òótọ́ ló sọ. Ní ọdún tí àìsàn náà dé, Bọ́sẹ̀dé rìn káàkiri àdúgbò náà bí ẹni tó ń kéde ìsìnkú. Ó wọ yàrá mẹ́tàlá tó kù nínú ilé wọn. Ó dé gbogbo ṣọ́ọ̀bù òpópónà mẹ́rin. Ó dé ọ̀dọ̀ àwọn tíṣà, àwọn akọrin, ẹni tó ń dín pọ́fù-pọ́fù nídìí géètì ilé ìwé. Ọ̀rọ̀ kan náà ló sọ fún gbogbo wọn: ẹ má fún Mọ́yọ̀ọ̀lá ní ṣúgà, ẹ má fún un ní ohun dídùn, bó sunkún, bó bẹ̀ yín, bó dùbúlẹ̀. Yóò pa á. Wọ́n gbọ́. Kò sí àdúgbò tó fẹ́ràn ọmọ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mọ́yọ̀ọ̀lá na ọwọ́, ó já ọ̀rá ṣúgà kékeré kan lára èyí tí wọ́n fi kọ́. Adéríbigbé jáde sí i. Kò nà án, kò bú u. Ó tú ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọ ọwọ́, ó gba ṣúgà náà, ó sì dá a padà sínú páálí.

“Ó máa dùn ẹ́ báyìí,” ó sọ, “ṣùgbọ́n o máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lọ́la.”

“Bàráwò!” ọmọ náà pariwo mọ́ ọn. Olè ni Háúsá ń pè bẹ́ẹ̀. “Bàráwò! Shegen tsoho!” Arúgbó ọmọ àlè nìyẹn.

Ẹnu ya gbogbo ènìyàn. Mọ́yọ̀ọ̀lá tó máa ń kúnlẹ̀ kí ajá!

“Ẹ ò rí i?” Adéwùmí pàtẹ́wọ́. “Àkẹ́bàjẹ́ nìyẹn. Wọ́n ní ó ń ṣàìsàn, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bá a wí. Mo ti ń pe ìyá rẹ̀.” Ó gbé fóònù sétí.

Ojú ọmọ náà ti ń wo ibi tí kò sí nǹkan. Òógùn ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀ nínú ọyẹ́ tí àwọn tó yí i ká fi ẹ̀wù méjì-méjì bora. Wọ́n rí òógùn náà. Wọ́n rò pé ìbínú ni.

Kẹ́misọ́lá kò bá wọn jiyàn mọ́. Ó bọ́ sójú títì. Bàbá arúgbó Háúsá kan ń ti bàrò ìrèké bọ̀, ìrèké tó ti bó, tó ti gé wẹ́wẹ́ sínú ọ̀rá. Kì í ṣe ará àdúgbò náà. Bọ́sẹ̀dé kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rí.

“Baba! Baba, rake, don Allah! Yayata za ta mutu!” Ó ń sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n òun fẹ́ kú.

Arúgbó náà kò bèèrè nǹkan kan. Ó fi bàrò sílẹ̀ láàrin títì, ó mú ọ̀rá kan, ó tẹ̀ lé ọmọ náà. Ó wo Mọ́yọ̀ọ̀lá lẹ́ẹ̀kan, ó mú un jókòó sí àtẹ̀gùn, ó fi ìrèké sí i lẹ́nu.

“Ki tsotsa, 'yata,” ó wí. Fà á mu, ọmọ mi.

Adéríbigbé fò sókè. “Malam, rárá! Má fún un! Àìsàn ṣúgà ló ń ṣe é!” Ó tún sọ ọ́ ní Háúsá, Adéwùmí sì gbè é lẹ́sẹ̀. Arúgbó náà kò yíjú sí wọn. Ó ní lédè Háúsá pé ọmọ tó ń gbọ̀n, tó tún ń làágùn nínú ọyẹ́, ara rẹ̀ ń tọrọ nǹkan ni. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí wọ́n wá mú òun lọ síwájú alùkálì tó ń dájọ́. Ó tún fi ègé kejì sí i lẹ́nu. Ọmọ náà ń fà á mu, omi rẹ̀ ń ṣàn lágbọ̀n.

Ibẹ̀ ni Bọ́sẹ̀dé bá wọn. Ó fò sílẹ̀ nínú adáídáítà kí kẹ̀kẹ́ náà tó dúró, kò wọ bàtà. Ohun tó kọ́kọ́ rí ni ọmọ rẹ̀ àti ìrèké lẹ́nu rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti lọ kí ọkàn rẹ̀ tó dé ibẹ̀: ó gbá ìrèké náà dànù.

“Ta ló fún un?”

Kẹ́misọ́lá ló dáhùn, ó ń sunkún.

“Mọ́mì, she dey beg them! She dey beg everybody! Dem no gree give am! Na you tell them!”

Bọ́sẹ̀dé wo ọmọ rẹ̀. Ó fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ọrùn náà tutù, ó rin fún òógùn. Ó wo ìrèké tó wà nílẹ̀. Ó wo etí ìró ara rẹ̀, ibi tí gúlúkóòsì wà. Ó kúnlẹ̀ sínú eruku, ó fi eyín tú u, ó dà á sẹ́nu ọmọ.

Gbogbo wọn dúró. Ẹni tó ń kọjá dúró. Ó tó ìgbà díẹ̀ kí Mọ́yọ̀ọ̀lá tó mí kanlẹ̀, tó sì wo àyíká rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tàjò dé.

“Mọ́mì, why everybody dey look me?”

Adéwùmí ti sáré lọ sí ẹ̀gbẹ́ títì, ó ra másà, àkàrà ìrẹsì gbígbóná, wá nínú àwo, torí Bọ́sẹ̀dé ní ó gbọ́dọ̀ jẹun lé e. Nígbà tí Bọ́sẹ̀dé rántí arúgbó náà, ó ti gbá ọwọ́ bàrò rẹ̀ mú. Ó sáré bá a, ó kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú títì níbẹ̀. “Na gode, Baba. Na gode.”

“Ba komai,” ó wí. Kò tó nǹkan. Ó ti bàrò rẹ̀ lọ. Títí di òní, wọn kò mọ orúkọ rẹ̀.

Ọ̀sán kò tíì pọ́n nígbà tí Múyìwá, tí wọ́n ti pè lórí fóònù, dé láti Bompai. Ilé kún. Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ti gbọ́, ẹni tí kò sì gbọ́ ti sọ ọ́ fún ẹlòmíràn. Ó gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó wo nọ́ńbà lórí ẹ̀rọ kékeré, ó tún un wò. Nígbà náà ni ojú rẹ̀ bọ́ sórí tábìlì. Ó gbé àwo ẹ̀wà náà, ó wò ó, ó wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ náà wò ó. Kò sí ẹni tó sọ pé ìwọ ni. Múyìwá rọra fi ìdérí bo àwo náà.

“Ó ti parí,” Bọ́sẹ̀dé sọ. “Kò tún jáde mọ́.”

Ó retí kí ọkọ rẹ̀ jiyàn. Múyìwá kò jiyàn. Ẹ̀rù ti wá ń ba òun náà, ìyẹn ló sì dun Mọ́yọ̀ọ̀lá jù.

“So make I siddon here till I old?” ọmọ náà sọ. Omi wà lójú rẹ̀. “Dádì, talk now.”

Dádì tẹ ìdérí àwo ẹ̀wà náà mọ́lẹ̀.

Ẹnì kan wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Adéríbigbé ni, ó di fìlà rẹ̀ mú sáyà, Adéwùmí wà lẹ́yìn rẹ̀.

“Bọ́sẹ̀dé,” ó ní, “mo wá tọrọ àforíjì, mo sì tún wá bá ọ jà. Èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe?”

“Ẹ ja ìjà yín, Bàbá.”

“Ìwọ lo dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. O ní bí ọmọ yìí bá fẹnu kan ṣúgà, ikú ni. Ọdún mẹ́ta ni mo fi pa á mọ́. Mo lé e, mo lé àwọn tó fẹ́ rà á fún un. Lónìí mo gba ẹ̀mí ọmọ lọ́wọ́ ọmọ, mo dá a padà sínú páálí.” Ó ká fìlà rẹ̀ mọ́wọ́. “Ó kù díẹ̀ kí n pa á, mo sì rò pé mo ń ṣe dáadáa. Kí ló dé tí o kò sọ ọ́ tán fún mi?”

Ìyá Ọlọ́runṣògo tó ń gbálẹ̀ lọ́dẹ̀dẹ̀ dá ọwọ́ dúró.

Bọ́sẹ̀dé ń lọ́ etí ìró rẹ̀ mọ́ ìka. “Nọ́ọ̀sì sọ méjèèjì fún mi,” ó sọ. “Ó ní ṣúgà máa ń pọ̀ jù nígbà míì, ó sì máa ń kéré jù nígbà míì. Ìdajì ni mo sọ fún yín. Mo ní bí mo bá sọ pé ìgbà kan wà tó yẹ kó lá ṣúgà, gbogbo yín lẹ máa ní ìgbà yẹn ló dé.”

Ìyá Ọlọ́runṣògo ló kọ́kọ́ dáhùn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀.

“Ká má tan ara wa,” ó ní. “Èmi á ti fún un ní ṣinṣín lọ́jọ́ kejì.”

Ẹ̀rín ta jáde lẹ́nu ẹnì kan, ó ran èkejì. Bọ́sẹ̀dé gan-an rẹ́rìn-ín, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Inú ẹ̀rín yẹn ni Mọ́yọ̀ọ̀lá dìde.

“Mọ́mì, make I tell them the remaining.”

Ìyá rẹ̀ la ẹnu, ó pa á dé.

Ọmọ náà dúró sẹ́nu ọ̀nà, Yorùbá díẹ̀, Píjìn díẹ̀. Ó ní bí òun bá ń gbọ̀n, bí òun bá ń làágùn láìsí ooru, kí wọ́n fún òun ní ṣúgà tàbí mínírà kíákíá, lẹ́yìn náà kí wọ́n fún òun lóúnjẹ. Kí wọ́n má bèèrè ìbéèrè.

“Báwo la ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀fun ló ń ṣe ẹ́?” Ìyá Ọlọ́runṣògo bèèrè.

“If I insult you, give me.”

“Èèbú? Nígbà náà, Kẹ́misọ́lá yìí nílò páálí ṣúgà kan lójúmọ́!”

Kẹ́misọ́lá yọ ahọ́n sí i. Mọ́yọ̀ọ̀lá kò rẹ́rìn-ín. “Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣubú, tí ẹ pè mí tí mi ò dáhùn, ẹ má fi nǹkan sí mi lẹ́nu. Carry me go hospital. Ó tún kù: tí mi ò bá gbọ̀n, tí mo kàn ń bẹ̀ yín fún bísíkíìtì,” ó wo ilẹ̀, “ẹ má fún mi.”

Adéríbigbé ní kí ó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ó ní kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu òun, ó ń kà á sórí ìka bí ọmọ kíláàsì kìíní: gbígbọ̀n, fún un, òógùn, fún un, èèbú, fún un, kò dáhùn, má fún un, gbé e. Ó ṣi ìkẹta sọ, ọmọ náà tún un ṣe fún un. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣe èyí ni Bushrat ti wọlé, òwú wà lápò rẹ̀. Ó ti gbọ́ lọ́nà. Ó kí gbogbo ilé, ó bá Bọ́sẹ̀dé kẹ́dùn, ó fọwọ́ pa Mọ́yọ̀ọ̀lá lórí. Ó wá dúró, kò jókòó.

“Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ṣófo,” ó ní. “Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ iṣẹ́ mi ṣì ń bọ̀.”

Gbogbo ojú lọ sára Bọ́sẹ̀dé. Múyìwá wò ó, ó sì yára gbé ojú kúrò, kó má baà dà bíi pé òun ń tì í. Mọ́yọ̀ọ̀lá kò bẹ̀bẹ̀. Ó lọ gún ìka rẹ̀, ó gbé nọ́ńbà wá han ìyá rẹ̀. Ó gbé àwo ìrẹsì tí wọ́n bù fún un, ó jókòó, ó jẹ ẹ́ lójú gbogbo wọn, síbí kan tẹ̀ lé síbí kan, títí àwo fi mọ́.

Bọ́sẹ̀dé tú gúlúkóòsì tó kù kúrò létí ìró rẹ̀. Ó mú báàgì ọmọ náà, ó fi sínú àpò iwájú, ó fa síìpù rẹ̀ pa, ó tún fà á ṣí láti wò ó, ó tún fà á pa.

“Aago mẹ́fà,” ó ní. “Bí ó bá di mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú kan, mo ń bọ̀ níbẹ̀.”

“Yes, Mọ́mì.”

Bushrat ló ṣíwájú, àwọn ọmọ méjèèjì tẹ̀ lé e. Bọ́sẹ̀dé sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ìta, ó di férémù mú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti bọ́ síta. Àwọn obìnrin ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń wo ẹsẹ̀ náà. Ó retí kí Mọ́yọ̀ọ̀lá wẹ̀yìn wò ó kí ó tó yà ní kọ́nà. Ọmọ náà kò wẹ̀yìn. Òun àti Kẹ́misọ́lá ti ń jiyàn lórí ẹni tó máa kọ́kọ́ jókòó sídìí ẹ̀rọ. Wọ́n yà, eruku ọyẹ́ bo ẹ̀yìn wọn, Bọ́sẹ̀dé sì fa ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé.

Ẹni tó sọ ìtàn yìí fún mi ni Bàbá Adéríbigbé fúnra rẹ̀, nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Sábọ́n Gàrí, lọ́jọ́ tí mo lọ ra ọṣẹ. Kò bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Ibi tí ó ti tú ìka ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan ló ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní bóyá kí n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò bí mo bá ń sọ ọ́ fún ènìyàn. Ó ní rárá, kí n fi síbẹ̀, kí ẹlòmíràn tí wọ́n bá sọ ìdajì ọ̀rọ̀ fún lè bèèrè ìdajì tó kù.